Ṣáàsì Píkọ́ọ̀pù Adékọ́lá

Ọdún méje ni Ọládèjì fi jókòó sẹ́yìn Adékọ́lá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe pé àga mìíràn kò sí. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń jókòó síbẹ̀ ni, kí ojú rẹ̀ lè máa wà lẹ́yìn ọrùn ọkùnrin náà láti ìgbà orin títí di ìgbà oore-ọ̀fẹ́. Bí Adékọ́lá bá sún sí òsì, òun náà á sún. Àwọn ará ìjọ rò pé ó ti gbàgbé. Wọn kò mọ irú ẹni tí wọ́n ń bá jọ́sìn.

Wẹ́dà ni Ọládèjì. Kíláàsì mẹ́rin ló ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n bí ṣáàsì píkọ́ọ̀pù àtijọ́ bá sán, kò sí bó ṣe burú tó tí kì í tún gbéra ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Duncanville, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà. Ṣáàsì ni irin gígùn méjì tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró. Bí ó bá kán lórí eré, ọlọ́kọ̀ ti wọ gàù.

Ní ọdún méje sẹ́yìn, ó bá Adékọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tún ṣáàsì píkọ́ọ̀pù funfun kan ṣe. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, ṣáàsì náà kán lórí fíríwéè, títì márosẹ̀ ibẹ̀, ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, apá Fèyísọ́lá, ìyàwó Adékọ́lá, sì dá sí méjì. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Adékọ́lá gba máìkì níbi ìjẹ́rìí.

"Ẹ bá mi yin Olúwa," ó ní. "Iṣẹ́ ọwọ́ arákùnrin kan nínú ìjọ yìí ni ì bá pa èmi àti ìyàwó mi. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀."

Kí ló tún kù tó fẹ́ dárúkọ? Nọ́ọ̀sì àti oníkọ̀ǹpútà ló kún ìjọ náà. Wẹ́dà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Gbogbo orí yí padà sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ọládèjì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ọkọ̀ náà. Adékọ́lá ní òun ti tà á. Pásítọ̀ Olúfúnṣọ́ ní kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Olúwa. Láti ọjọ́ náà, kò sí ará ìjọ kan tó gbé ọkọ̀ wá fún un mọ́, Fèyísọ́lá kò sì kí i ju kó mi orí lọ. Wọ́n wá fi Adékọ́lá jẹ díkónì lé e lórí.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí oòrùn Dallas ń yan ènìyàn bí àgbàdo, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Waleed gbé píkọ́ọ̀pù dúdú kan wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹrù ló máa ń fi kó fún àwọn tó ń kó wọ apartment ní Vickery Meadow. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà kò pa dé mọ́.

Ọládèjì kò tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó tó ti mọ̀ pé ṣáàsì ti sán; bí ṣáàsì bá tẹ̀, ilẹ̀kùn kì í bá ojú ibi tó ń pa dé sí mu mọ́. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹnìkan ti lẹ pèlébé irin kan mọ́ ibi tó kán, ó sì jó o jágbajàgba bí ìgbẹ́ adìyẹ. Ọládèjì pòṣé, ó họ gbogbo rẹ̀ kúrò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó họ ni ó ti rí irin mìíràn, èyí tí wọ́n gé orí rẹ̀ ní ìdagun, tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí agbára ọkọ̀ má baà dá lé ojú kan. Ní igun irin náà, ojú àmì mẹ́ta wà níbẹ̀, tí wọ́n fi òòlù àti ìṣó lù.

Òun nìkan ló ń lu àmì mẹ́ta.

Ó jáde, ó fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà dúdú lára ilẹ̀kùn. Funfun ló wà nísàlẹ̀. Ó ṣí ìwé tó máa ń kọ nọ́ńbà ṣáàsì sí, ó wá ojú ewé ọdún náà kàn. Nọ́ńbà náà ni.

Ó padà sábẹ́ ọkọ̀, ó fi àkísà nu ojú ibẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ dì gbagidi bí ọjọ́ tó jó o. Ibi tó kán kò tilẹ̀ fara kàn án, ó tó àtẹ́lẹwọ́ kan sí i. Láti inú ihò kan ló ti bẹ̀rẹ̀, ihò tí ẹnìkan fi iná gáàsì lù sí etí ìsàlẹ̀ ṣáàsì, tí ẹnu rẹ̀ rí págunpàgun. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan mọ̀ pé èèyàn kì í lu etí ìsàlẹ̀ yẹn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹrù ọkọ̀ ti ń fà á.

"Adékọ́lá," ó ní lábẹ́ ọkọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pe orúkọ oúnjẹ tó wù ú.

Ó sọ fún Waleed pé òun máa gé ojú ibẹ̀ kúrò pátá.

"Ọ̀gá, ṣé o ò kàn lè jó o pọ̀ ni?"

"Wọ́n ti jó o pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣé o rí ibi tó gbé ẹ dé?"

"Mo fẹ́ ọkọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé o."

"Wàá rí i gbà. Ṣùgbọ́n irin tí mo bá gé kúrò, tèmi ni."

"Kí lo fẹ́ fi irin ìpàǹtí ṣe?"

"Mo fẹ́ fi kí ẹnìkan ni."

Waleed wo ojú rẹ̀. "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n ṣẹ̀ ẹ́," ó ní, ó sì lọ.

Ọládèjì fi irin gbé ọkọ̀ ró níwájú àti lẹ́yìn kí ṣáàsì má baà tẹ̀. Ó gé ojú náà jáde, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti ihò náà lára irin kan ṣoṣo. Ó fi irin tuntun dípò, ó jó o díẹ̀, ó jẹ́ kó tutù, ó tún jó o díẹ̀. Kò kánjú. Kò ní fún ẹnikẹ́ni láyè láti tún fi máìkì ba iṣẹ́ ọwọ́ òun jẹ́ mọ́. Ó fi irin onídagun méjì kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ìka kan ni Waleed fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì pa dé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ọládèjì fi táwẹ́ẹ̀lì di irin náà, ó gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó tó àkókò ìjẹ́rìí, ó dìde. Arábìnrin Àrínọlá tó ń gbé máìkì kiri wo táwẹ́ẹ̀lì náà, ó ṣe bí ẹni pé kò rí ẹni tó dìde. Ọládèjì bá gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ bá mi yin Olúwa," ó ní. Ó gbé irin náà kalẹ̀ gbì síwájú pẹpẹ. "Ọkọ̀ tí wọ́n ní mo fẹ́ fi pààyàn, ojú ibi tó ti kán nìyí."

Díkónì Adékọ́lá ti dìde. "Bọ̀dá Ọládèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ níta."

"Orí máìkì lo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Díkónì. Orí máìkì la máa parí ẹ̀." Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí irin. "Iṣẹ́ ọwọ́ tèmi nìyí, ẹ wá fọwọ́ kàn án, ó ṣì dì. Ihò yìí ló kán an. Èmi kọ́ ni mo lù ú. Ẹni tó lù ú ni mò ń wá."

Fèyísọ́lá ló dìde láti ìlà àwọn ìyá. Ó wá síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ inú ihò náà.

"Ihò ìkọ́ tá a fi ń fa tírélà ni," ó ní. "Adékọ́lá, ṣé kì í ṣe ihò tó o fi iná gáàsì lù ní gáréèjì wa ní Wylie nìyí? Tí mo di họ́ọ̀sì omi mú kí iná má baà ràn?"

"Fèyí, jẹ́ ká délé ná."

"Ṣé o mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti kán?"

Adékọ́lá wo ilẹ̀. "Àwọn tó fa ọkọ̀ wọlé ló fi hàn mí. Wọ́n ti fi P.O.P. di apá ẹ ní ọsibítù nígbà yẹn. Kí ni kí n sọ fún ẹ?"

"O wá jẹ́ kí n máa yínmú sí ẹni ẹlẹ́ni fún ọdún méje."

Pásítọ̀ Olúfúnṣọ́ sáré sọ̀ kalẹ̀. "Bọ̀dá Ọládèjì, Olúwa ti dá yín láre. Ẹ dì mọ́ ara yín, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ ti dárí jì í."

"Mi ò tíì dárí jì í, Pásítọ̀. Bí mo bá ní mo ti dárí jì í, irọ́ ni mo pa níwájú pẹpẹ. Ọdún méje ni mo fi jẹ ìyà tèmi. Ẹ jẹ́ kí òun náà tọ́ ọ wò díẹ̀."

Ó gbé irin rẹ̀, ó jáde.

Àwọn ará ìjọ yí i ká nínú pákíńgì. Ẹnìkan ní òun ní píkọ́ọ̀pù kan nílé tó ń dún. "Ẹ gbé e wá," Ọládèjì ní. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sá fún mi, ẹ̀yin ni màá ṣe kẹ́yìn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà náà ni Fèyísọ́lá dé, ó sì kúnlẹ̀ lórí kọ̀ǹkéré gbígbóná náà pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

"Ẹ má bínú, bọ̀dá."

"Dìde. Ìwọ kọ́ ni mo bá jà."

"Ẹ fún mi ní irin yẹn."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Pálọ̀ wa ni mo fẹ́ gbé e sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n."

Ọládèjì wo ìsàlẹ̀ pákíńgì. Adékọ́lá ti jókòó sínú mọ́tò, ó tan án sílẹ̀, kò gbójú sókè. Ọládèjì ti pinnu láti so irin náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó wá rò ó wò: àwọn oníbàárà ni yóò máa rí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní pálọ̀ yẹn, láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kó rí i kò ní ríbi sá sí.

Òun fúnra rẹ̀ gbé e dé ẹ̀yìn mọ́tò wọn, ó ṣí búùtù, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ dáadáa, kí ojú ihò náà lè kọ sókè.

"Ó wúwo o, Díkónì," ó ní. "Bí ẹ bá délé, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé e wọlé. Apá ìyàwó yín ò lè gbé e."