Ọkùnrin Kan ní Kankon

Bí ẹ bá ń wá ènìyàn méjì tí yóò jókòó láti àárọ̀ dọ̀sán láìsọ ọ̀rọ̀ gidi kan ṣoṣo, ẹ wá bàbá ìyàwó àti bàbá ọkọ. Wọn yóò kí ara wọn, wọn yóò ṣàdúrà fún ara wọn, wọn yóò béèrè ewúrẹ́ ilé, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ruth mọ èyí dáadáa, nítorí ọmọ bíbí Àgbádárìgì ni. Síbẹ̀, òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú àna méjì, ó fi wọ́n ṣe olùbádámọ̀ràn.

Nọ́ọ̀sì ni Ruth. Ó ti tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Èkó kó tó padà wálé láti dá Ẹ̀kọ́ Ìfaradà Ọkàn sílẹ̀ fún àwọn apẹja àti oníṣòwò etíkun. Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ kò le: bí ènìyàn ṣe ń sọ ẹrù inú rẹ̀ kalẹ̀, àti bí ẹnìkejì ṣe ń gbọ́ ọ láìdá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ó nílò àgbà tí yóò ṣíwájú. Ó yan Dàágbó Zinsu, olórí àwọn apẹja, Ègùn pọ́nbélé tí ohùn rẹ̀ ń borí ariwo ìgbì. Ó tún yan Alhaji Síkírù, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ onílẹ̀ láti apá Òjó. Sẹ́nàmì ọmọ Dàágbó ni Jàmíù ọmọ Alhaji fẹ́. Inú Ruth dùn. Ó ní àna kì í bá àna jà, ìpàdé àwọn á tutù bí omi àmù.

Ó tutù lóòótọ́. Kò sí ìjà, kò sì sí ọ̀rọ̀.

Òfin ẹ̀kọ́ náà ni pé aṣíwájú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ohun tó fẹ́ bù fún ará ìlú wò. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọn yóò ṣí ẹ̀kọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn àgbà yìí ni yóò kọ́kọ́ dìde láàárín èrò, tí yóò sọ ohun tó wúwo lọ́kàn òun gan-an. Ojú Ruth ti rí nǹkan ní ìlú Apa, níbi tó ti kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀kọ́ náà, kó tó ṣe òfin yìí. Òun nìkan ló dìde lọ́jọ́ náà, tó bi gbogbo ènìyàn ní ohun tó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní, "A wà dáadáa, a dúpẹ́." Wọ́n jẹ ìrẹsì wọn, wọ́n nu ẹnu, wọ́n lọ sílé. Àwọn onígbọ̀wọ́ tó ń náwó sí ẹ̀kọ́ náà ní tó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn á gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí etíkun mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ń ka Ruth láyà, nítorí ó mọ iye ènìyàn ìlú rẹ̀ tó ń fi ẹ̀rín bo ẹkún mọ́lẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán àwọn àgbà náà wò nínú ìpàdé.

"Dàágbó, kí ló wúwo lọ́kàn yín?"

Dàágbó wo àna rẹ̀, ó wúkọ́. "Èmi? Ara mi le koko! Àna mi wà láàyè, ọmọ-ọmọ ń sáré kiri. Kí ni mo tún ń fẹ́ lọ́wọ́ Máwù Ọlọ́run?"

"Ẹ̀yin ńkọ́, Alhaji?"

"Alihamudulilahi. Ta ni yóò ní àna bíi Dàágbó tí yóò tún máa ráhùn?"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún ara wọn, wọ́n ṣe é títí ìpàdé fi parí.

Lọ́jọ́ kejì, Dàágbó nìkan padà wá. Ó ti ilẹ̀kùn, ó yọjú lójú fèrèsé kó tó jókòó. Ó ní láti ìgbà tí ìgbì ti dojú ọkọ̀ òun dé lọ́dún tó kọjá, òun kò fi ẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ mọ́. Bí omi bá kàn án lọ́rùn ẹsẹ̀ báyìí, á sá padà sórí iyanrìn. Ní ìdájí, á gbé àjẹ̀ lé èjìká, á dágbére fún ìyàwó, á lọ lúgọ sẹ́yìn àwọn igi àgbọn. Tí oòrùn bá ga, á ra ẹja, á gbé e wálé bí ẹni tó tòkun bọ̀.

"Olórí apẹja tó ń sá fún omi!" ni ó wí, ojú tì í. "Ruth, ọmọ mi, má jẹ́ kí àna mi gbọ́ o. Wọn á fi Sẹ́nàmì ṣe ẹlẹ́yà nílé ọkọ."

Ruth ṣèlérí. Kò pẹ́ tí Dàágbó lọ ni Alhaji náà wọlé wẹ́rẹ́, òun náà ti ilẹ̀kùn. Ó ní láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú, ilé ń lé òun jáde. Láràárọ̀, á wẹ̀, á wọ agbádá, á ní òun ń lọ sí ìpàdé. Kò sí ìpàdé kankan. Etíkun ló ń wa mọ́tò rẹ̀ lọ, á jókòó sínú rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

"Má jẹ́ kí Dàágbó gbọ́ o," ni òun náà wí. "Ọmọ rẹ̀ ló ń dáná fún mi. Á rò pé ọbẹ̀ ọmọ òun ni mò ń sá fún."

Nígbà tó lọ tán, Ruth rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, nígbà tó yá, omi ojú náà di ẹkún gidi. Àánú wọn ṣe é. Àna méjì ń sá pamọ́ sí etíkun kan náà, ọ̀kan lẹ́yìn àgbọn, ọ̀kan nínú mọ́tò, Ruth kò sì lè sọ ti ọ̀kan fún èkejì, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló kọ òfin pé ohun tí etí bá gbọ́ níbí, ẹnu kò gbọdọ̀ tún un sọ. Ohun tí Yorùbá ń pè ní fífi ọwọ́ ara ẹni ṣe ara ẹni nìyẹn.

Ó wá rántí àwọn aláìsàn rẹ̀ ní Èkó. Ta ni nọ́ọ̀sì tí kò mọ "ọ̀rẹ́ mi kan"? Bí àrùn bá ń ti ènìyàn lójú, á ní ó ń ṣe ọ̀rẹ́ òun kan. Nọ́ọ̀sì tó bá gbọ́n kì í béèrè orúkọ ọ̀rẹ́ náà, oògùn ló máa fún un. Nígbà tí wọ́n tún pàdé, Ruth kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ara yín le, a dúpẹ́. Ẹ fi ti ara yín sílẹ̀. Ẹ sọ ti ẹlòmíràn tí ẹ mọ̀, kí ẹnìkejì gbà á nímọ̀ràn. Iṣẹ́ la kàn ń kọ́."

Dàágbó wo àjà, ó wo ilẹ̀. "Ọkùnrin kan wà ní Kankon," ni ó wí níkẹyìn. "Apẹja òkun ni."

"Ní Kankon?" Alhaji ya ẹnu. "Òkun wo ló dé Kankon?"

"Ọ̀kadà ló ń gbé e wá!"

Ruth gé ètè rẹ̀ jẹ kó má bàa rẹ́rìn-ín. Dàágbó ro ẹjọ́ ará Kankon náà pátá, ọkọ̀ tó dojú dé, omi tó ń sá fún, ẹja tó ń rà. Alhaji gbọ́ ọ láìmira. Nígbà tó parí, Alhaji rọra sọ̀rọ̀.

"Àna mi, ẹ bá mi sọ fún un pé kì í ṣe ojo. Ẹni tí òkun gbé mì tó sì pọ̀ jáde, tí ẹ̀rù omi kò bà á, orí rẹ̀ ni kò pé."

Dàágbó fi etí aṣọ nu ojú. "Màá jẹ́ iṣẹ́ yín fún un," ni ó wí.

Ó kan Alhaji. "Ọkùnrin kan tún wà ní Ikoga. Opó ọkùnrin ni. Ojoojúmọ́ ló ń lọ sí ìpàdé."

"Pẹ̀lú ta ni?"

"Pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ìdarí mọ́tò rẹ̀. Òun nìkan, Dàágbó. Òun nìkan láti òwúrọ̀ dalẹ́."

Dàágbó sún àga rẹ̀ mọ́ ti àna rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ará Ikoga yẹn, ṣé ó mọ àjẹ̀ fà?"

"Kò mọ̀ ọ́n rárá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan ni ará Kankon ń fẹ́, tí kò ní lè fi í ṣẹ̀sín. Kó wá bá a létí ọ̀sà lówùúrọ̀ ọ̀la. Omi ọ̀sà kò le."

"Kí ni kó wí fún àwọn ará ilé rẹ̀?"

"Kó ní òun ń lọ sí ìpàdé."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àwọn àgbà méjèèjì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí Alhaji fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ ara rẹ̀. Àna ni wọ́n, ẹ má gbàgbé.

Ọjọ́ Sátidé dé. Gbọ̀ngàn etí ọ̀sà kún fọ́fọ́, àwọn onígbọ̀wọ́ jókòó níwájú, àga àwọn àgbà méjèèjì sì ṣófo. Ruth ń wo ọ̀nà títí ọrùn fi ń dùn ún. Ó ti fẹ́ máa tọrọ àforíjì nígbà tí ẹnìkan kígbe pé kí wọ́n wo orí omi. Dàágbó Zinsu ló ń tukọ̀ bọ̀! Alhaji jókòó síwájú, ó wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì lé agbádá lórí, ó ń fi àjẹ̀ kékeré kan da omi sára, kò sì ran ọkọ̀ lọ́wọ́ ní nǹkan kan. Èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Dàágbó gba gbohùngbohùn, omi ń kán nídìí ṣòkòtò rẹ̀. "Ọkùnrin kan wà ní Kankon," ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó dúró. Ó wo Alhaji, Alhaji mi orí sí i. "Irọ́ ni mo pa. Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Alhaji dìde tì í, òun náà sọ tirẹ̀. Nígbà náà ni ìyàwó Dàágbó, Ìyá Sẹ́nàmì tó ń yan ẹja tà, dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Bàbá Sẹ́nàmì, ṣé ẹ ti sọ ọ́ tán?"

"Mo ti sọ ọ́ tán."

"Ẹ ṣeun. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé òkú Èkó wálé, ẹja tí wọ́n hú jáde nínú yìnyín, tó ṣì dì gbagidi, tí ẹ ní àwọ̀n yín ló kó o, ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí."

Ẹ̀rín fẹ́ gbé òrùlé lọ. Àwọn apẹja ń lu ara wọn léjìká. Dàágbó fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "O mọ̀! Kí ló dé tí o kò wí nǹkan?"

"Mo yan án, mo sè é, a jọ jẹ ẹ́." Ìyá Sẹ́nàmì rìn wá síwájú, ó na ọwọ́ sí gbohùngbohùn. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ gbé e fún mi. Èmi náà ní tèmi. Láràárọ̀ tí ẹ bá jáde ni mo ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń bi ara mi bóyá òní ni ẹ máa lọ wọ inú omi tí ẹ kò ní padà. Mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún."

Ẹ̀rín rọ̀ wọ̀ọ̀. Ruth fẹ́ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Dàágbó ti ṣíwájú rẹ̀. Ó fa àga kan, ó mú ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó fa èkejì, òun náà jókòó kọjú sí i, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

"Mò ń gbọ́ ẹ," ni ó wí.