Ọpọlọ Aláwẹ́ Mẹ́rin

Láti ọjọ́ tí ọkọ Màmá Atẹ̀wé ti sùn tí kò jí, kò sí ohun kan tí màmá tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fi ìyà jẹ ẹ́. Ìfẹ́ ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọn kì í jẹ́ kí ó ronú kan nǹkan. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó ń ya àwòrán afárá fún àwọn tó ń kọ́ ọ, yan bẹ́ẹ̀dì tuntun fún un. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, yan aṣọ fèrèsé, ó yan bàtà, ó yan fóònù. Olóògbé máa ń tún aago ṣe nígbà ayé rẹ̀, ó sì fi aago mọ́kànlá sílẹ̀ lára ògiri ilé; àwọn ọmọ dá gbogbo wọn dúró kí ariwo má baà da ìyá wọn láàmú. Ọṣẹ ìwẹ̀ pàápàá, páálí páálí ni wọ́n ń kó o wá, ọṣẹ funfun kan báyìí tí kò ní òórùn kankan, bí ẹni pé àwo ni wọ́n fẹ́ fi fọ̀. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni màmá fi ọṣẹ tí kò yàn wẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aago nìkan ni kò gbọ́ sí wọn lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe kẹ̀yìn sí ilé ló bẹ̀rẹ̀ sí í wáìnì wọn padà, ẹyọ kan lọ́sẹ̀ kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ tó sùn. Ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tó wá sọ pé òun fẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká, ọ̀rọ̀ di ti wásáàpù ẹbí. Ohun tó fẹ́ fi ṣe kò pọ̀: kí ó máa rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí wọ́n bá pè, kí ó kó àwòrán pa mọ́ sí i, kí ó sì tẹ ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ jáde. Páálí bàtà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà kún. Gbogbo ìgbà tí bàbá bá tún aago kan ṣe, yóò kọ nǹkan kan sí ẹ̀yìn rìsíìtì tó kù sọ́wọ́ rẹ̀ nípa ẹni tó ni aago, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín tí kò jẹ́ sọ lójú onítọ̀hún. Àkọ́bí ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ aláwẹ́ mẹ́jọ, irú èyí tí òun fi ń ya afárá. Nọ́ọ̀sì ní kí ló fẹ́ fi mẹ́jọ ṣe, aláwẹ́ méjì ti tó màmá. Wọ́n jà á fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sẹ́ni tó bi màmá léèrè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, màmá wọ gáùn, ó fi aago ọwọ́ ọkọ rẹ̀ sọ́wọ́, ó mú àpò, ó sì ní òun ń lọ fúnra òun. Ẹni kan ṣoṣo tó bá a lọ ni àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí màmá ti ń pè ní Eyínmẹ́nugún láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni màmá, Eyínmẹ́nugún sì fi ọdún méjì kéré sí i, síbẹ̀ “ìyàwó wa” ni kò yé pè é, bí ẹni pé àná ni wọ́n gbé e wálé.

“Ìyàwó wa,” ni Eyínmẹ́nugún wí bí wọ́n ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù, “bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìbéèrè tó le, sọ pé èmi ni ọ̀gá.”

“Bí wọ́n bá bi ẹ̀yin náà ńkọ́?”

“N ó ní ìwọ ni.”

Ọmọbìnrin kan tó fi gíláàsì sójú ló ń tajà níbẹ̀. Ó kí wọn, ó fún wọn ní àga, ó gbé omi tútù ka Eyínmẹ́nugún níwájú, ó wá gbé kọ̀ǹpútà mẹ́ta jókòó lórí tábìlì. Ó ní gbogbo wọn ló ní ọpọlọ, prósẹ́sọ̀ làwọn ń pè é, kí wọ́n rò ó bí ọsàn. Ọsàn yìí jẹ́ awẹ́ méjì péré, èyí mẹ́rin, èyí mẹ́jọ. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan lè dá iṣẹ́ tirẹ̀ mú, nítorí náà bí awẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ tó lè ṣe pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ṣe pọ̀ tó. Ó fi kún un pé awẹ́ nìkan kọ́ o, nítorí awẹ́ mẹ́rin ti ọdún yìí lè yára ju mẹ́jọ ti ìgbà àtijọ́ lọ. Eyínmẹ́nugún ní òun ò mọ ohun tí wọ́n ń fi awẹ́ ṣe. Ọpọlọ ẹyọ kan tí Ọlọ́run fún òun lòun fi tọ́ ọmọ márùn-ún, òun sì tún fi rántí gbogbo ẹni tó jẹ òun ní àbọ̀ ìkíni.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Olóòótọ́ ni. Ó ní ẹni tó ń gé fíìmù tàbí tó ń ya afárá ló nílò mẹ́jọ. “Kéèyàn ra mẹ́jọ nítorí lẹ́tà àti àwòrán, màmá, ó dà bí kéèyàn háyà ọkọ̀ akẹ́rù lọ ra búrẹ́dì.”

“Jẹ́ kí n fọwọ́ kàn wọ́n,” ni màmá wí.

Kí á tó máa lọ, ó yẹ kí a mọ irú ọwọ́ tí à ń wí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni màmá fi tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀, lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onírin tó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Bí ó bá ń tẹ̀ ẹ́, àwọn tó wà ní àjà kejì máa ń rò pé òjò dé. Gbogbo lẹ́tà tó tẹ̀ ló ní àmì kan nísàlẹ̀ lápá òsì: lẹ́tà ńlá tó dúró fún orúkọ ọ̀gá tó pe ọ̀rọ̀ náà, lẹ́yìn náà igi kékeré kan tó dà gẹ̀rẹ́, lẹ́yìn náà lẹ́tà kékeré tó dúró fún orúkọ màmá, ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá mẹ́sàn-án ló jẹ tí wọ́n sì lọ. Lẹ́tà kékeré kò kúrò lẹ́yìn igi.

Ọmọbìnrin náà ṣí aláwẹ́ méjì fún un. Ó ṣí àwòrán sí i, ó ṣí fídíò, ó ní bí ilé ṣe máa ń rí nìyẹn, nǹkan púpọ̀ ló máa ń wà ní ṣíṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá na ìka, ó sì tẹ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ láti orí wá: *Onítọ̀hún ní aago òun ń pẹ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Aago kò pẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló pẹ́.* Ó tẹ̀ ẹ́ tán, ó gbójú sókè. “Onítọ̀hún ní” nìkan ló ti dé. Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù wá ń yọ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ tí kò fẹ́ kí tíṣà rí òun. Màmá ká ọwọ́ lẹ́rán, ó dúró dè wọ́n.

“Ó bá ọ̀rọ̀ tó o kọ mu,” ni Eyínmẹ́nugún wí.

Ó kan aláwẹ́ mẹ́jọ. Hà, èyí yàtọ̀. Kí ìka tó kan bọ́tìnnì ni ọ̀rọ̀ ti dé, bí ìránṣẹ́ tó mọ ohun tí ọ̀gá fẹ́ sọ. Orí màmá wú. Ó tẹ ìkíni, ó tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín méjì, mẹ́ta, ìka rẹ̀ ń sáré, èjìká rẹ̀ rọ̀, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n padà wọ inú apá rẹ̀. Ó gbàgbé ibi tó wà. Ìgbà tí ìlà sì fẹ́ parí, ọwọ́ òsì rẹ̀ dìde fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń dìde nígbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún lóòjọ́ nígbà náà, láti mú irin tó wà lókè ẹ̀rọ kó sì tì í lọ sápá ọ̀tún. Kò sí irin. Ojú kọ̀ǹpútà ló bá, ó sì tì í gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ti wí. Kọ̀ǹpútà fò lórí tábìlì, ó gbá ife omi, ife omi dà sí itan Eyínmẹ́nugún, ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù sì ki kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ létí tábìlì bí agbẹ̀bí tó gba ọmọ.

Omi ń kán tó, tó, tó.

“Ìyàwó wa,” ni Eyínmẹ́nugún wí, ó ń gbọn aṣọ rẹ̀ nù, “bó o bá fẹ́ kí n dìde, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́.”

Ẹ̀rín bú jáde. Màmá rín títí ó fi di tábìlì mú. Ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù bọ́ gíláàsì, ó nu ojú. Eyínmẹ́nugún fúnra rẹ̀ rín débi tó fi jókòó padà sínú omi, ìyẹn sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Nígbà tí ara balẹ̀, wọ́n gbọ́ ìró kan: hùùù. Fáànù aláwẹ́ mẹ́jọ ló ń fẹ́, nítorí ọmọbìnrin náà ti ṣí fíìmù ńlá sí i kí wọ́n lè rí agbára rẹ̀. Màmá dẹ́kun ẹ̀rín. Ó bọ́ aago ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó gbé e sétí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún gbé e sétí. Hùùù náà ni.

Ó ní kí wọ́n gbé aláwẹ́ mẹ́rin wá, kí wọ́n ṣí nǹkan kan náà sí i, kí Eyínmẹ́nugún sì jọ̀wọ́ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan péré ni, ṣùgbọ́n lójú Eyínmẹ́nugún ó tó àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Màmá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò sáré ṣíwájú rẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣe ló ń bá a rìn. Ó gbé aago sétí. Ọmọbìnrin náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọpọlọ yìí kì í jẹ iná púpọ̀, kì í gbóná, nítorí náà wọn kò fi fáànù sínú rẹ̀ rárá.

Kẹ́, kẹ́, kẹ́, ni aago ń wí.

Màmá pajú dé. Bí aago kékeré yìí bá lè sọ̀rọ̀ kí òun sì gbọ́ ọ, mọ́kànlá ti ara ògiri yóò bá òun gbé bí òun bá ń tẹ ọ̀rọ̀ ẹni tó ni wọ́n.

Ibi tó wà nìyẹn tí fóònù fi dún. Àkọ́bí ni. Ó ti gbọ́ pé wọn ò sí nílé. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ní òun ti rà á, aláwẹ́ mẹ́jọ, ó ti wà lábẹ́ apá òun. Ó bi wọ́n ní ibi tí wọ́n wà, Eyínmẹ́nugún sì sọ ọ́ kí màmá tó fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Òpópónà méjì péré ló wà láàárín wọn. Ó ní kí wọ́n dúró.

Ayọ̀ inú màmá lọ sílẹ̀ bí iná tí wọ́n pa. Ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ọmọ yóò wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, páálí lábẹ́ apá, ẹnu òun yóò sì sọ pé “o ṣeun, ọmọ mi,” bí ó ti sọ ọ́ fún bẹ́ẹ̀dì, tó sọ ọ́ fún ọṣẹ. Ẹnu òun kò lè sọ pé rárá fún ọmọ yẹn láti ìgbà tó ti ń ra kò.

Ṣùgbọ́n ẹnu nìyẹn. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó sún mọ́ aláwẹ́ mẹ́rin, ó ní kí Eyínmẹ́nugún sún sẹ́yìn fún ààbò ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ó ń fa ìlà sí ìsàlẹ̀ nígbà tí Àkọ́bí wọlé. Ó kí wọn, ó fẹ́ gbé páálí kalẹ̀. Màmá yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Eyínmẹ́nugún ń wo òkè àjà bí ẹni tó ń wá aláǹtakùn. Àkọ́bí tẹ̀ síwájú, ó kà á:

*Ọmọ mi ọ̀wọ́n,*

*Ọ̀RỌ̀ NÍPA ỌPỌLỌ ALÁWẸ́ MẸ́JỌ*

*Mo gbọ́ nípa ẹ̀bùn rẹ, mo sì dúpẹ́ gidigidi. Lẹ́yìn àyẹ̀wò fínnífínní, mo fi tó ọ létí pé ó gbọ́n ju iṣẹ́ mi lọ, ó sì ń mí hẹlẹ bí ẹni tó gun òkè. Mo ti yan òmíràn. Èmi ni mo yàn án. Láti òní lọ, jọ̀wọ́ bi mí léèrè kí o tó yàn fún mi. Ọṣẹ náà wà nínú rẹ̀.*

*Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.*

Kékeré ni Àkọ́bí wà nígbà tó máa ń jókòó sábẹ́ tábìlì ìyá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ara ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n sọ nù ló ti kọ́ ìwé kíkà. Ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí apá òsì nísàlẹ̀, bó ti mọ̀ pé ó yẹ.

“Màmi,” ó ní, “ọ̀gá wo ló pe lẹ́tà yìí fún yín?”

“Wò ó dáadáa.”

Ó wò ó. Lẹ́tà ńlá, igi tó dà gẹ̀rẹ́, lẹ́tà kékeré. Orúkọ kan náà ló wà níwájú igi, òun náà ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àkọ́bí gbé páálí kalẹ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n rò pé ẹkún ni. Bóyá díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló jáde, ẹ̀rín bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti imú. Ó nà ró, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

“Lẹ́tà yín ti dé ọ́fíìsì wa, mà,” ó ní. “A ti fọwọ́ sí i.”

Ó ní òun yóò fi aláwẹ́ mẹ́jọ ya afárá, tòun ti ń darúgbó. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní nǹkan kan tún wà tó yẹ kí òun jẹ́wọ́, nípa àwọn aago ara ògiri.

“Mo mọ̀, Màmi. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè yín ni mo ń gbọ́ wọn.”

Ó fi ẹnu kan iwájú orí ìyá rẹ̀, ó sì padà síbi iṣẹ́. Màmá sanwó kọ̀ǹpútà rẹ̀ nínú owó fẹ̀yìntì rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e.

Wọn kò tètè délé. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní orígun òpópónà, màmá sì yà síbẹ̀. Ó dúró níwájú àwọn ọṣẹ. Ó gbóòórùn ọ̀kan, ó dá a padà, ó mú òmíràn, aláwọ̀ ewé, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó tún padà sí àkọ́kọ́. Ó lo ìdajì wákàtí níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Eyínmẹ́nugún, tí aṣọ rẹ̀ kò tíì gbẹ, fi ara ti ògiri, ó ń wò ó.

“Ìyàwó wa,” ó bi í nígbà tó yá, “ọṣẹ náà ní awẹ́ ni?”