Ọ̀dà Abẹ́ Ìjókòó

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ rédíò ọkọ̀ ti sọ ọ́ káàkiri pé mi ò yege. Ọdún mẹ́fà ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí òdìkejì títì, ó ní obìnrin tí kò lè gbé bátìrì fẹ́ máa jọ̀gá. Mò ń gbé bátìrì dáadáa. Bátìrì ò wúwo tó ẹnu rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Wúfà ló fẹ́, sípíkà ńlá tó ń mú ohùn ìsàlẹ̀ rinlẹ̀, pẹ̀lú ampilifáyà tí yóò fún un lágbára. Ó ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, ìyẹn sì ní àfi kóun yọ rédíò tó bá ọkọ̀ wá dànù, kó ra tuntun lọ́wọ́ òun. Bẹ́ẹ̀, ojú rédíò yẹn ló fi ń wo ẹ̀yìn tó bá ń rìn sẹ́yìn.

"Ẹ fi rédíò yín sílẹ̀ níbi tó wà, àǹtí," mo ní. "Ara wáyà sípíkà ẹ̀yìn ni màá ti fa ohùn."

Mo fà á, mo gbà á gba inú ẹ̀rọ kékeré tó ń dín agbára ohùn kù kí ampilifáyà lè gbà á. Mo fa iná láti orí bátìrì, mo fi fíùsì sí i nítòsí. Wáyà dúdú ni mo so mọ́ bóòtù abẹ́ ìjókòó, bí ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Wúfà dún dé àyà wa. Àmọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe tẹná, igbe tínrín kan bẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀fọn létí. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára ni igbe náà ń ga sí i.

Kí n tó pa á, ọ̀gá mi ti sọdá, àwọn oníbàárà rẹ̀ méjì, tó ra rédíò tuntun lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, sì tẹ̀ lé e.

"Mo ti wí," ó ní. "Rédíò àbáwá kì í gba wúfà. Palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́, kó o padà wá máa gbálẹ̀ fún mi."

Inú bí mi. Mo mọ igbe yẹn. Àìmọye ìgbà ló ti ké ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ọ̀gá yóò ní rédíò oníbàárà ló bàjẹ́, tí èmi fúnra mi yóò gbé e sọnù. Lẹ́yìn náà ni yóò lé gbogbo wa síta, kó lè dá nìkan parí iṣẹ́. Tó bá jáde, sáńpépà máa ń wà lápò rẹ̀. Mi ò bi ara mi rí pé kí ni onírédíò ń fi sáńpépà ṣe.

Mo wọ abẹ́ ìjókòó. Mo tú bóòtù náà. Ọ̀dà ọkọ̀ ló bo ibẹ̀ pátápátá, wáyà dúdú tó yẹ kó kan irin ọkọ̀ ò kàn án dáadáa; ibẹ̀ ni igbe náà ti ń wọlé. Mo fi ọ̀bẹ họ ọ́ títí ó fi ń dán, mo dè é padà. Ohun tí ọ̀gá ń fi sáńpépà ṣe nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tẹná dé ìdí. Orin nìkan la gbọ́.

Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, bo ibẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Lónìí yìí, màá sọ fún gbogbo ayé pé o yege."

Mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kí n má parọ́. Láti ọdún méjì tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń fẹ́ gbọ́ ọ.

"Ẹ máa wí pé mi ò yege, sà," mo ní, mo sì dìde kí àwọn oníbàárà rẹ̀ lè gbọ́ mi. "Ẹ̀yin bọ̀dá, ẹ wá wo nǹkan. Rédíò yín ò bàjẹ́ nígbà yẹn. Ọ̀dà ló wà nídìí wáyà, ọ̀gá sì mọ̀. Èmi ni mo gbé rédíò yín dànù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Èyí àgbà nínú wọn bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò kan irin tó ń dán náà. Ó nàró, ó kọjú sí ọ̀gá mi.

"Rédíò mi dà?"