Àdìzát Kò Rí Ẹni Gbà Á Gbọ́

Yàrá kan náà ni Àdìzát àti Fúnmiláyọ̀ ń gbé ní Ìjù, yunifásítì kan náà ni wọ́n sì ń lọ. Nígbà tí próójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá tó, Àdìzát ń wá àwọn òṣìṣẹ́ tí ariwo ẹ̀rọ ti sọ di adití kiri, ó ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ó ń kọ ọ́, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń kọ ọ́. AI ni Fúnmiláyọ̀ ní kó bá òun kọ tòun. Ó tiẹ̀ ní kó ṣi gírámà kọ díẹ̀díẹ̀, kí ara má baà fu ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rọ ni yunifásítì náà fi ń yẹ iṣẹ́ wọn wò láti mọ èyí tí AI bá kọ. Ẹ̀rọ yìí ní Fúnmiláyọ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀; ó ní AI ló kọ ti Àdìzát.

Àdìzát kúnlẹ̀ níwájú Dókítà Fákọ̀yà, olórí ẹ̀ka wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni mo kọ ọ́. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá mi, àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Ẹ bi mí ní ohunkóhun tó wà níbẹ̀."

"Ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú," Fákọ̀yà dáhùn, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Wàá tún ọdún yìí kà."

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò wọ Àdìzát lọ́fun mọ́. Yóò jókòó, yóò máa ka iṣẹ́ náà sókè fún ara rẹ̀, bí ẹni ń wá ibi tó ti ṣẹ̀.

"Fúnmi, àbí orí mi ti dàrú ni? Àbí èmi kọ́ ni mo kọ ọ́?"

Ọ̀rọ̀ dé Fúnmiláyọ̀ lẹ́nu, ó gbé e mì. Nígbà tó ti ìsọjí ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sátidé kan, ó rí i pé ẹrù Àdìzát kò sí nílẹ̀ mọ́. Ó pe fóònù rẹ̀, kò lọ.

Ó sáré tọ Fákọ̀yà lọ, ó jẹ́wọ́. "Sà, èmi ló yẹ kí ẹ̀rọ yín mú."

Ọkùnrin náà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí yunifásítì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n lé Fúnmiláyọ̀ kúrò nílé ìwé. Wọ́n dá ọjọ́ kan, wọ́n ní kí Àdìzát wá fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó kọ; bó bá yege, wọn á gbà á.

Fúnmiláyọ̀ gba Àtàn lọ, sí ilé bàbá Àdìzát. Bàbá náà ní Àdìzát ti rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Agbára. Fúnmiláyọ̀ lọ dúró sẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ náà títí àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ fi jáde.

"Wọ́n ti mọ̀ pé ìwọ lo kọ ọ́!" Fúnmiláyọ̀ di ọwọ́ Àdìzát mú. "Wọ́n ní kó o wá ṣàlàyé fún wọn."

Àdìzát wò ó. "Kí ni kí n ṣàlàyé? Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Ìwọ náà ń gbọ́ mi nínú yàrá wa. Ṣé ìgbà tó o sọ ọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di òótọ́ ni?"

"Dákun, foríjì mí. Má jẹ́ kí tèmi ba tìẹ jẹ́."

"Mi ò lè kà á mọ́, Fúnmi. Tí mo bá ṣí i báyìí, ó ń dà bíi pé ẹlòmíì ló kọ ọ́."

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ fun fèrè. Àdìzát ja ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò wẹ̀yìn. Fúnmiláyọ̀ sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì náà, ó ń pariwo ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ dá, títí bọ́ọ̀sì fi já sí títì.