Orí Ẹṣin Inú Iná

“Ọwọ́ lásán ni mo fi yọ ọ́ nínú iná, Auntie. Iná yẹn mọ́lẹ̀ débi pé àwọn tó ń kọ́lé ní àdúgbò Arsenal ní Woolwich rò pé ilẹ̀ ti mọ́, gbogbo wọn ló wọṣẹ́ ní ààjìn. Ẹ wo apá mi. Irun kan ò jó.”

Fọlárìn ká ọwọ́ sùtánà rẹ̀ sókè fún Auntie Christiana. Ṣọ́ọ̀ṣì ni òun, Auntie àti Ìyèbíyè ọmọ wọn ti ń bọ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Orí ẹṣin kan wà lórí tábìlì nínú ọgbà ìmọ̀kòkò tí wọ́n yà sí, ó dúdú, ó ń dán. Amọ̀ irà Thamesmead ni Sachiko tó ni ọgbà náà fi mọ ọ́, bí àwọn baba ńlá rẹ̀ ṣe ń mọ ìkòkò ní Japan: bó bá ti pọ́n nínú iná, á fi ẹ̀mú fà á yọ, á rì í sínú koríko gbígbẹ kí èéfín sọ ọ́ di dúdú. Ilẹ̀ ni Fọlárìn ń gbá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Auntie ti búra pé àwọn ò ní fi Ìyèbíyè fún ọkùnrin tí kò níṣẹ́ ọwọ́. Ló bá ní òun lòun ń mọ ẹṣin, pé ọ̀dọ̀ òun ni Sachiko ti ń kọ́ṣẹ́.

Ó rò pé Sachiko kì í wá ní Sunday. Àfi bí obìnrin náà ṣe yọ láti ẹ̀yìn ìléru, tòun ti ìbọ̀wọ́ tó dé ìgúnpá. Kí Fọlárìn tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Ìyèbíyè ti fòyìnbó ròyìn ohun gbogbo fún un, tayọ̀tayọ̀.

Sachiko ò bínú. Ó wo apá Fọlárìn, ó gbé ẹ̀mú ti ògiri, ó ṣí ìléru. Orí ẹṣin mìíràn wà nínú ẹ̀, ó pọ́n bí ojú ìkà, ó tẹjú mọ́ Fọlárìn.

“Èyí náà ti jinná,” ó ní lóyìnbó. “Yọ ọ́.”

“Ọkọ ọmọ mi,” ni Auntie wí. Ọdún méjì ni Fọlárìn ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. “Mú un jáde kí n rí i.”

Iná níwájú, omi canal lápá òsì. Auntie dúró sẹ́nu géètì, wọ́n sì sanra tó ẹni tó lè dí odò Thames. Fọlárìn na ọwọ́.

Ìyèbíyè ló kọ́kọ́ gbóòórùn. “Something's burning. Fọlárìn, irun ẹ ni.”

Auntie wo apá tó ń rú èéfín, wọ́n wo ẹ̀mú lára ògiri, wọ́n tún wo apá.

Fọlárìn káṣọ sókè, ó sá. Amọ̀ tútù tí Sachiko tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lápá ọ̀tún nìkan ni ọ̀nà tó kù. Ó tẹ̀ ẹ́ kọjá, ó fo ọgbà. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí Ìyèbíyè ń béèrè aṣọ tí òun máa fi pa ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́ lára amọ̀ náà.

“Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni Sachiko wí.

Fọlárìn sáré títí àwọn ẹṣin tó ń jẹko nínú irà níta fi ń yà fún un. Amọ̀ ti bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Látìgbà tó ti ń gbá amọ̀ nílẹ̀, ìgbálẹ̀ ló máa ń wà láàárín òun àti ẹ̀. Kò mọ̀ pé ó tutù tó báyìí.