Ẹ̀rọ Ìṣirò Tí Ìyá Wa Wẹ̀

Ìyá Bọ́lá, jókòó kí n rọ́ àlá yìí fún ọ kó tó fò lọ mọ́ mi lórí. Mo bá ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àkànní àbúrò mi ní ọsibítù. Àìsàn ẹ̀dọ̀ yẹn ti jẹ́ kí ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Dókítà ń tẹ ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìṣirò kan, ẹ̀rọ náà sì gbé ogójì jáde. Dókítà ní bí òǹkà yẹn bá ṣe ń ga sí i ni ikú ń sún mọ́ ọn.

Ni ìyá wa tó ti kú bá gba ẹ̀rọ náà. "Ẹ ò tíì wẹ ọmọ, ẹ ti ń kà á!"

Wọ́n nasẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ lé itan, wọ́n fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú bó o, omi pípọ́n ń ṣàn. Wọ́n fi àdín pa bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogójì di ọgbọ̀n. Wọ́n wá ń jù ú sókè bí ọmọ tuntun.

Àkànní lọgun: "Ìyá, ẹ rọra o, èmi lẹ ń jù yẹn!"

"Dákẹ́ jàre! Ẹ̀rín lo máa ń rín nígbà tó o wà ní ìkókó."

Ó sì rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ó ní ebi ń pa òun. Dókítà ń pariwo pé, "Ó ti di ogún! Màmá, ẹ má dúró!"

Wọ́n jù ú lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n kọjú sí mi: "Ìwọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, hán an!"

Mo tẹ́wọ́, mo sì jí. Wò ó, mi ò tíì ká ọwọ́ náà kò.