Ara Wọn Ti Tutù

Àwọn ará ilé ló sọ ẹ̀gbọ́n ọkọ obìnrin aránṣọ kan ní Mo-Ti-Gbọ́, torí kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ tán. Bí o bá ní, "Bọ̀ọ̀dá, iná yẹn…" á ní, "Mo ti gbọ́," á sì lọ pa èyí tó yẹ kó máa jó. Àgbá òfìfo ni aránṣọ kà á sí. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ ni. "Ẹ" ló gbọ́dọ̀ máa fi bá àgbá náà sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ dá ọkọ rẹ̀ wó sídìí tábìlì tó ti ń tún rédíò ṣe, aránṣọ fúnra rẹ̀ ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹnu ọkùnrin náà ti wọ́, ọ̀rọ̀ kò jáde.

"Ẹ̀jẹ̀ ò dé ibi tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nínú ọpọlọ," ni dókítà wí. "Bí a bá mú ara wọn tutù, ebi ẹ̀jẹ̀ ò ní tètè pa ibẹ̀. Kò dá wa lójú o, ìyá. A kàn fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ ni."

"Ẹ gbìyànjú ẹ̀."

Wọ́n fi aṣọ kan tí omi tútù ń ṣàn kiri inú rẹ̀ wé e. Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ tó ti tutù bí ìgò inú fìríìjì mú. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun ṣáà tún gbọ́ ohùn yẹn, kódà kó jẹ́ èébú.

Mo-Ti-Gbọ́ dé nígbà tó yá, lọ́fínńdà rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Nọ́ọ̀sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Ara wọn ti tutù, a wá fẹ́…"

"Mo ti gbọ́."

"Rárá, sà, ohun tí mò ń sọ ni pé…"

"Mo ní mo ti gbọ́! Ṣé ọmọdé ni mí?"

Ó nu ojú tí kò sómi níbẹ̀, ó yí padà. Kò tiẹ̀ yọjú wo àbúrò rẹ̀. Aránṣọ gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá. Jẹ́ kó máa lọ, ló rò. Kí ló fẹ́ bá wa ṣe?

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ara ọkùnrin náà móoru díẹ̀díẹ̀. Aránṣọ sáré lọ sílé lọ mú aṣọ. Àga kún iwájú ilé, èèyàn jókòó sórí wọn, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Mo-Ti-Gbọ́ wà láàárín, ó wọ bàtà àbúrò rẹ̀. Bàtà náà kò gbà á. Gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ sẹ́yìn bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó wú ju agolo lọ.

"Ìyàwó, ikú mà ṣèkà o! Ọwọ́ mi ló kú sí."

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló kú?"

"Nọ́ọ̀sì ló sọ pé ara ẹ̀ ti tutù. Ara ta ní í tutù, bí kò ṣe ara òkú? Mo…"

"Ẹ ti gbọ́." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó yára fi ikọ́ bò ó. "Àwọn dókítà ló mú un tutù kó má baà kú. Omi inú kete náà tutù, Bọ̀ọ̀dá; ṣé òun náà ti kú ni? Ẹ bọ́ bàtà yẹn."

"Níwájú èèyàn?"

"Ṣebí iwájú èèyàn lẹ ti wọ̀ ọ́."

Bàtà kọ̀, kò bọ́. Ẹni méjì tó wá kẹ́dùn ló bá a fà á.

Ìdí bẹ́ẹ̀dì ọkọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ni aránṣọ gbé bàtà náà sí. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ lajú. Ó wo bàtà náà títí. Ẹnu rẹ̀ ṣì wọ́.

"Ta… ló…"

Èsì ti dé ẹnu aránṣọ, ó dùn ún sọ. Ó gbé e mì. Ó jókòó, ó ń dúró kó sọ ọ́ tán.

"Ta ló… mú bàtà mi… fẹ̀ báyìí?"